Ẹ Yọ Ọ̀rá Kúrò Lára Sípíkà Yẹn

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo dọ̀bálẹ̀ fún yín gbalaja lórí ilẹ̀ yàrá tó tutù yìí. Mo kí Bọ̀dá Múfù, ẹ̀gbọ́n mi, àmọ́ kí wọ́n má tíì máa rẹ́rìn-ín, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn ń bọ̀ nísàlẹ̀. Mo kí ìyàwó wọn, Àǹtí Sìkírá. Mo kí Alfa àgbà ilé-kéú wa, mo sì kí gbogbo ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń kéú níbẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Mo kí Mọ́mì Ìbùkún, ayálégbé wa, ará Èkìtì tó ń kọ́ àwọn ọmọ polí ní kọ̀ǹpútà. Ọpẹ́lọpẹ́ wọn lára mi.

Ẹ ó bèèrè pé kí ló dé tí mo kọ ìwé tí tẹrú-tọmọ máa kà, dípò kí n pè yín. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ti kúrò ní ọ̀rọ̀ abẹ́lé, Màámi. Inú ń bí mi. Ọjọ́ kọkànlá rèé tí inú ti ń bí mi. Mo jẹun, inú ń bí mi. Mo kírun, inú ń bí mi, mo sì ń tọrọ àforíjìn lọ́dọ̀ Ọlọ́hun lórí ìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ là á mọ́lẹ̀ fún ẹni tí kò mọ̀ wá rí. Ìyá mi kì í ṣe adití. Etí wọn méjèèjì pé pérépéré. Èmi Làtífù, ọmọ wọn kejì, tí mò ń gbé Aberdeen nílẹ̀ Scotland, ni mo sọ ọ́ pé wọn ò gbọ́ràn mọ́. Irọ́ ni. Mi ò mọ̀ pé irọ́ ni nígbà tí mò ń sọ ọ́, àmọ́ ìyẹn ò ní kó má ba nǹkan jẹ́.

Ohun tó sì bà jẹ́ kì í ṣe kékeré. Ọdún mọ́kàndínlógún ni ẹ fi jókòó síwájú àwọn obìnrin ní ilé-kéú Ọjọ́bọ̀. Ẹ kì í mú pàṣán, ẹ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Obìnrin bí ọgbọ̀n á máa ké Kùránì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yin á dijú. Tí ẹnì kan lẹ́yìn pátápátá, níbi tí wọ́n ń bọ́ bàtà sí, bá ṣi háráfì, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, kan ṣoṣo pè, ẹ ó dá gbogbo wọn dúró, ẹ ó sì dárúkọ onítọ̀hún láìyíjú wẹ̀yìn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo máa ń wà ní ẹ̀yìnkùlé tí mò ń fọ abọ́, ẹ̀yin á wà ní iwájú ilé pẹ̀lú àwọn oníbàárà aṣọ yín. Mò ń ka Kùránì kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ sí ara mi ni o. Tí mo bá fo ibì kan báyìí, ohùn yín á ti iwájú ilé wá pé kí n padà síbẹ̀. Mo gbà nígbà náà pé ẹ ní etí kẹta. Etí yìí ni iṣẹ́ yín, etí yìí ni iyì yín ní gbogbo Ọ̀fà, òun náà ni mo sì lọ fẹnu bà jẹ́.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibí, fóònù la fi ń ríra. Ojú yín ò ríran dáadáa mọ́, ẹ ní orí mi ò ju hóró ẹ̀wà lọ nínú fóònù, pé ṣé wọn ò fún mi lóúnjẹ ni. Mo wá bẹ Bọ̀dá Múfù pé kí wọ́n gbé kọ̀ǹpútà ńlá tó wà ní yàrá wọn wá sí pálọ̀, kí ẹ lè máa rí mi tóbi tóbi. Wọ́n gbé e wá, ẹ rí mi, ẹ rẹ́rìn-ín títí. Àmọ́ ohùn inú kọ̀ǹpútà náà kéré, ó ń dún bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ látinú agolo. Mo ní kò burú, mà á ra sípíkà.

Iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí, ilé ìfọṣọ ni. Aṣọ àwọn tó ń wa epo lórí òkun la máa ń fọ̀, aṣọ tó nípọn bí àpò sìmẹ́ǹtì. Àwọn ẹ̀rọ náà tóbi tó yàrá yín, wọ́n sì ń hó látàárọ̀ ṣúlẹ̀, débi pé dandan ni ká fi nǹkan dí etí. Kò sẹ́ni tó ń bá ẹnì kan sọ̀rọ̀, ọwọ́ la máa ń jù síra wa. Tí mo bá jáde, atẹ́gùn òkun á gbá mi létí, òjò wínníwínní á tẹ̀lé e. Èmi àtàwọn mẹ́ta kan la jọ ń gbé, kò sí Yorùbá kankan nínú wọn. Ọjọ́ Àìkú nìkan ni Yorùbá ń jáde lẹ́nu mi, ìyẹn ọjọ́ tí mo máa ń pè yín. Ìdí nìyẹn tí mo fi ṣe àfikún iṣẹ́ títí mo fi ra sípíkà náà, méjì tó jọ ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni bóyá ó dára fún ọ̀rọ̀ sísọ. Mo kàn rí i pé ó ga, ó dúdú, iná búlúù ń tàn níwájú rẹ̀, mo ní ìyá mi ò ní lo ohun yẹpẹrẹ. Ará Ìjàgbó kan tó ń bọ̀ nílé ló bá mi gbé e wá fún yín. Àdúrà tí ẹ ṣe fún mi lọ́jọ́ náà, mo sunkún.

Látọjọ́ yẹn ni ẹ ò ti gbọ́ mi mọ́.

Mà á ní ẹ kú ilé, ẹ ó ní ẹ̀n? Mà á tún un sọ, ẹ ó na ọrùn, ẹ ó ní kí ni mo wí. Èmi náà á wá máa pariwo bí ẹni ń pe èèyàn ní òdìkejì ojú irin, títí àwọn tí a jọ ń gbé á fi gbá ògiri mọ́ mi. Nígbà tó yá, ẹ ò bèèrè mọ́. Ohunkóhun tí mo bá sọ, ẹ ó ní àmín. Mo ní kẹ̀kẹ́ tí a fi ń ti aṣọ gorí ẹsẹ̀ mi níbi iṣẹ́, ẹ ní àmín, àmín, Ọlọ́hun á ṣe é. Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà mi, mo ń wo ojú yín tó ń rẹ́rìn-ín, mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe. Mo pe Bọ̀dá Múfù, mo ní etí Màámi ti lọ o.

Ẹ wò ó, àwọn àgbà ní ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ní í fọ́. Bọ̀dá Múfù kò tilẹ̀ jẹ́ kí ẹyin ọ̀hún kan ilẹ̀ kí wọ́n tó fọ́ ọ. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, wọ́n ti sọ fún Alfa àgbà. Alfa àgbà, ẹ̀yin èèyàn jẹ́jẹ́, mo mọ̀ pé ọ̀wọ̀ ni ẹ rò pé ẹ ń bù fún wọn. Ẹ ra àga tuntun, àga onítìmùtìmù, ẹ gbé e sí ẹ̀yìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ẹ gbé fáànù sí i, ẹ ní ìyá wa ti ṣiṣẹ́, kí wọ́n máa sinmi. Ìyá Rúkà, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, ni ẹ fi sí ipò wọn. Ẹ̀yin Màámi ẹ dúpẹ́, ẹ lọ jókòó sórí àga náà. Oṣù méje ni ẹ fi jókòó síbẹ̀, tí ẹ ń gbọ́ gbogbo àṣìṣe, tí ẹ ò lè sọ ọ̀kan.

Nínú ilé ńkọ́? Gbogbo wọn bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo mọ́ yín. Àǹtí Sìkírá, ẹ má bínú, ẹ̀yin náà wà níbẹ̀. Tí ẹ bá ro ẹ̀bà fún Màámi, ará ibùdó ọkọ̀ ojú irin á gbọ́ pé ẹ̀bà ti délẹ̀. Ẹni tí wọ́n ń jágbe mọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ṣé kò ní dákẹ́ ni? Màámi dákẹ́. Tí wọ́n bá sì dákẹ́, ẹ ó ní ẹ ò rí i, wọn ò gbọ́!

Mọ́mì Ìbùkún ló tú àṣírí gbogbo rẹ̀. Ohùn wọn ti há lọ́sẹ̀ náà nítorí ariwo kíláàsì, wọn ò lè sọ̀rọ̀ ju kí wọ́n máa sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ lọ. Wọ́n wá bá Màámi sọ ọ̀rọ̀ omi tó ń jò nínú táǹkì. Màámi wà nílé ìdáná, wọ́n kẹ̀yìn sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ń gé ilá. Mọ́mì Ìbùkún kí wọn láti ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú ohùn tí àwọn fúnra wọn ò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́. Màámi ò yíjú padà tí wọ́n fi dáhùn, wọ́n ní kí wọ́n máa rọra, pé orógbó wà nínú dúrọ́ọ̀ pálọ̀, kí wọ́n mú un jẹ fún ọ̀fun wọn. Mọ́mì Ìbùkún sọ fún mi pé ṣe ni àwọn dúró síbẹ̀ bí ẹni tó rí ẹbọra. Wọ́n bi ara wọn pé ta ló wá ní ìyá yìí ò gbọ́ràn. Wọ́n gba pálọ̀ lọ láti mú orógbó, ojú wọn sì bọ́ sára kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ bá mi wo ohun tí wọ́n rí. Sípíkà méjèèjì wà lókè kọ́bọ́ọ̀dù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àjà. Wọ́n dojú wọn kọ ògiri, nítorí Bọ̀dá Múfù ní iná búlúù yẹn ń ta àwọn lójú. Aṣọ funfun tí wọ́n fi òwú hun ni wọ́n fi bò wọ́n, òdòdó oníke sì wà lórí aṣọ náà. Mọ́mì Ìbùkún ká aṣọ náà kúrò, wọ́n bá ọ̀rá lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀rá tí sípíkà bá wá láti ilé iṣẹ́! Tépù ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ihò wáyà nìkan ni wọ́n lu sí i, ẹnikẹ́ni ò tú u. Ó lé ní oṣù méje tí mo fi ń bá ìyá mi sọ̀rọ̀ látinú ọ̀rá, lábẹ́ aṣọ, lẹ́yìn òdòdó, sí ògiri. Ẹ gbà mí o!

Ó kù o. Wáyà kan náà ni sípíkà àti fírísà jọ ń lò, nígbàkúùgbà tí fírísà bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, sípíkà á máa kùn bí oyin. Nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, gbogbo ibi tí wọ́n fi ń gbé ohùn sókè ni Bọ̀dá ti tì dópin, débi pé ohùn mi ń ya bí àkísà. Èyí tó wá pa mí jù rèé: ibì kan wà tí wọ́n ti lè mú kí ohùn máa dún padà bí ẹni wà nínú gbọ̀ngàn ńlá. Bọ̀dá Múfù tan ìyẹn. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní ó ń dún bíi ti Mẹ́kà ni, pé ó wu àwọn. Bíi ti Mẹ́kà! Kí n máa kí ìyá mi kú ilé, kí ó máa dún bí ẹni ń kírun níwájú ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin wà lọ́jà o, orí ọmọ wọ́, ẹ tún gbé òdòdó lé e.

Mọ́mì Ìbùkún ò ra nǹkan kan. Wọ́n tú ọ̀rá, wọ́n gbé sípíkà sọ̀kalẹ̀ sórí tábìlì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n fi ìwé ńlá méjì tì wọ́n lábẹ́ kí wọ́n lè bá etí ẹni tó jókòó dọ́gba. Wọ́n yí ojú wọn sí àga Màámi, wọ́n fà wọ́n síwájú díẹ̀ kúrò lára ògiri, torí wọ́n ní ògiri máa ń da ohùn rú. Wọ́n fún fírísà ní wáyà tirẹ̀. Wọ́n pa Mẹ́kà Bọ̀dá Múfù. Wọ́n wá dín ohùn kù. Ó yà mí lẹ́nu pé dídín ni wọ́n dín in kù, àmọ́ wọ́n ní ọ̀tọ̀ ni kí ohùn pọ̀, ọ̀tọ̀ ni kí ó mọ́, pé tí ohùn bá pọ̀ ju agbára ẹ̀rọ lọ, ṣe ló ń fọ́. Wọ́n sì dín ìró abẹ́ tó ń dún gìn-ìn-gìn-ìn kù, wọ́n ní orin ló nílò ìyẹn, ọ̀rọ̀ ẹnu kò nílò rẹ̀.

Wọ́n wá pè mí, wọ́n sì bá èmi náà wí. Wọ́n ní níbo ni mo ti ń pè. Mo ní ilé ìdáná ni, torí ibẹ̀ ló móoru. Wọ́n ní ṣé mi ò gbọ́ fáànù tó ń dún lórí mi ni, ṣé mi ò mọ̀ pé ògiri oníbíríkì dídán ń dá ohùn padà ni. Wọ́n ní kí n wọ yàrá lọ, kí n ti fèrèsé, kí n fa kọ́tìnì, kí n jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì níbi tí aṣọ pọ̀ sí, kí n sì lo ẹ̀rọ etí onímáìkì tó sún mọ́ ẹnu. Wọ́n ní ohùn tó bá ti bàjẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó fi ránṣẹ́, kò sí sípíkà tó lè tún un ṣe lọ́dọ̀ ẹni tó ń gbà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní ẹ kú ilé, Màámi. Mi ò pariwo rárá. Ẹ dá mi lóhùn lójú ẹsẹ̀, ẹ ní ọ̀fìnkìn wo ló wà ní imú mi yẹn.

Inú mi ìbá ti dùn kó parí síbẹ̀. Àmọ́ mo bèèrè ìbéèrè kan tí mi ò bá má ti bèèrè. Mo ní ta ló ní kí wọ́n má tú ọ̀rá náà. Ẹ ní ẹ̀yin ni. Ẹ ní nǹkan tí ọmọ yín fi òógùn rẹ̀ rà, ẹ ò ní jẹ́ kí eruku Ọ̀fà wọ inú rẹ̀, pé tí ẹ bá ká aṣọ rẹ̀ fún àlejò, kó rí i pé tuntun ni. Mo wá ní ṣé ẹ mọ̀ pé sípíkà ni kò dáa, pé kì í ṣe etí yín. Ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo tún un bèèrè. Ẹ ní ẹ mọ̀. Ẹ ní láti ọjọ́ kìíní ni ẹ ti mọ̀, torí ẹ ń gbọ́ rédíò, ẹ ń gbọ́ adìẹ tó ń yé ní ẹ̀yìnkùlé, èmi nìkan ni ẹ ò gbọ́. Ẹ ní báwo ni ẹ ó ṣe wá sọ fún ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú òtútù pé ohun tó rà ò dáa. Ẹ ní nígbà tí wọ́n wá ní etí yín ni, ẹ sọ nínú ara yín pé Alihamudulilahi, ó kúkú sàn kó jẹ́ etí.

Háà, Màámi! Màámi! Irú ìfẹ́ wo nìyẹn? Ta ló rán yín? Ẹ fi iṣẹ́ ọdún mọ́kàndínlógún bo àṣírí sípíkà! Nǹkan tí wọ́n ń tà lórí káńtà, tí mo lè dá padà, tí mo lè jù nù! Mi ò gbọdọ̀ bínú sí ìyá mi, mo mọ̀, àlùjánnà wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín. Mo bínú síbẹ̀. Mo bínú sí yín, mo bínú sí Bọ̀dá, mo bínú jù sí èmi alára, tó jẹ́ pé iná búlúù ni mo rà fún ìyá mi.

Mo ní kí ẹ padà sí àyè yín ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ kọ̀. Ẹ ní àgbàlagbà kì í dìde láàárín èèyàn kó máa sọ pé òun gbọ́ràn, pé wọ́n á ní ẹ ń bá Ìyá Rúkà du àyè. Mo ní kí Bọ̀dá Múfù sọ fún Alfa. Wọ́n ní àwọn ń wá àsìkò tó wọ̀, kí ojú má bàa ti Alfa. Àsìkò tó wọ̀! Lọ́jọ́ tí wọ́n ń lọ sọ pé ẹ ò gbọ́ràn, àsìkò wo ni wọ́n wá? Ó dáa, ẹni tó bímọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Èmi ni mo bí i, èmi ni mo pọ̀n ọ́n síta gbangba yìí.

Ìyá Rúkà, ẹ ò jẹ̀bi ohunkóhun. Wọ́n ní kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ fún ìyá mi, kí ẹ jọ máa ṣe é, Ọlọ́hun á sún ibi kúrò lọ́nà yín.

Màámi, Ọlọ́hun á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa nínú àlàáfíà. Ẹ ò ní fi etí gbọ́ ìbànújẹ́ wa, ohùn ayọ̀ ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu gbogbo àwa tí ẹ bí. Ojú yín á tún mọ́lẹ̀ sí i. Èmi náà á délé, mà á bá yín lókè eèpẹ̀, a ó jọ jókòó láìsí ẹ̀rọ kankan láàárín wa. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ bá mi kí àwọn ará Ìlémọnà, ìdílé àbúrò yín. Ẹ bá mi kí àwọn ọmọ Bọ̀dá, ẹ ní kí wọ́n yé jágbe mọ́ ìyá àgbà.

Bọ̀dá Múfù, ẹ̀yin ni mo yàn láti ka ìwé yìí ní ilé-kéú lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀. Ẹ dúró lẹ́yìn, lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà níbi bàtà. Kí Màámi jókòó síwájú, kí wọ́n kẹ̀yìn sí yín. Ẹ má lo máìkì. Ẹ má gbóhùn sókè, ìyá wa ń gbọ́ yín.

Èmi ni ọmọ yín tó pè yín ní adití,
Làtífù.